Àtẹ̀gùn Tí Kò Sí Nílé Súmbọ̀

Ilé tí Súmbọ̀ àti ọkọ rẹ̀ ń gbé nínú ẹ́sítéètì kan ní Ìkòsì kò ní àtẹ̀gùn. Ilé ilẹ̀ ni: yàrá mẹ́ta, pálọ̀ kan, àti ilé ìdáná tó kọjú sí ògiri aládùúgbò. Síbẹ̀, láàárín ọdún 2002 sí 2004, àìmọye ìgbà ni Súmbọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó ṣubú, ojú rẹ̀ wú. Ó ṣubú, ètè rẹ̀ là. Ó ṣubú lọ́jọ́ Àjíǹde, kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ rẹ̀ sì bá a kí àwọn ará ìjọ. Irú ilé kan náà ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń gbé. Kọ́ńtírátọ̀ kan ṣoṣo ló kọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ó bá sọ fún wọn pé àtẹ̀gùn ló ṣe òun báyìí, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ́mì Jessica. Ẹ máa rọra rìn." Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí àtẹ̀gùn náà wà.

Bánjí lorúkọ ọkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì ní ohùn jẹ́jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò fi ẹ̀rín kí ènìyàn, tí yóò sì mú un lọ síbi tí àyè wà. Àwọn ìyá àgbà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó mọ bí a ṣe ń di àgbàlagbà lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ yẹn náà ló ń gbé bọ̀ wálé. Kò ní òmíràn. Nílé pẹ̀lú, ẹnu ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ lọ dúró sí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí Súmbọ̀ tó lọ́kọ, iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan lẹ́bàá ibi iṣẹ́ Bánjí. Nígbà tí wọ́n bí Jessica, Bánjí ní ilé ló yẹ kí abiyamọ wà. Súmbọ̀ jókòó sílé. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Ajarat ló sì tọ́ ọ dàgbà ní Kétu. Ajarat ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Mile 12, àpò-àpò ló sì ń tà á. Mùsùlùmí ni, kò bímọ, Súmbọ̀ ni gbogbo ọmọ tó ní. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó wá kí wọn ní Ìkòsì bí ẹ̀ẹ̀mejì. Bánjí wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òórùn àlùbọ́sà ti wọ àga ọkọ̀ òun, pé kí àǹtí rẹ̀ má ṣe ìyọnu àtiwá mọ́. Ajarat kò bínú. Ó ní òótọ́ ni, pé àlùbọ́sà máa ń wọ nǹkan.

Bánjí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú Súmbọ̀ lọ sí kẹ́míìsì Elkanah. Àtẹ̀gùn ti ṣe é léṣe níhà lọ́jọ́ náà, tí kò fi lè mí délẹ̀. Etí títì tí wọ́n ń gbà lọ sí Kétu ni ṣọ́ọ̀bù Elkanah wà. Aṣọ funfun bíi ti dókítà ló máa ń wọ̀, kò sì sí ẹni tó tíì bi í léèrè ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó wo ojú Súmbọ̀. Ó wo Bánjí. Ó ka hóró oògùn sínú ọ̀rá, ó sì fi ìgò oògùn ikọ́ kan tì í.

"Kí ikọ́ má baà máa gbo ìhà wọn, sà," ló wí. "Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́."

Oògùn náà dùn, ó sì pupa bíi sóbò. Nígbà tí Súmbọ̀ mu ún, ìrora náà kò lọ o. Ó kàn dà bí ẹni pé ara obìnrin mìíràn ló wà, ẹni tí Súmbọ̀ mọ̀ díẹ̀, tí àánú rẹ̀ sì ṣe é níwọ̀nba. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ikọ́ ti tán. Oògùn ikọ́ kò tán ní tirẹ̀.

Ó padà lọ rà fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní Jessica ló ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà, Bánjí. Nígbà tó yá, ó ń rà á fún ìyá rẹ̀ tó ti wà nínú sàréè. "Ẹ kú ìtọ́jú wọn o," ni Elkanah máa ń sọ, á sì fi ìwé ìròyìn wé ìgò náà fún un. Kò pẹ́ tí ṣíbí fi di ìdérí, tí ìdérí fi di ẹnu ìgò.

Ẹ̀wà jóná mọ́ ìkòkò, èéfín kún inú ilé, Súmbọ̀ jókòó sí pálọ̀, ó ń wo èéfín náà bó ṣe ń kọjá. Lọ́jọ́ mìíràn, ó gbàgbé Jessica sílé ìwé. Ọdún méje ni ọmọ náà. Ọ̀dọ̀ mẹ́gáàdì ilé ìwé ló jókòó sí títí tí oòrùn fi wọ̀, wọ́n jọ jẹ ẹ̀pà. Àtẹ̀gùn alẹ́ ọjọ́ náà le.

Bánjí wá pe ìpàdé. Ó pe pásítọ̀, ó sì pe ìyá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mọ́mì Alápẹ̀rẹ̀ nítorí pé Alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbé. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Bánjí ti kó gbogbo ìgò òfìfo tó bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì àárín pálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ. Ó ṣàlàyé gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ohùn rẹ̀ kò ga. Pásítọ̀ mi orí.

"Sísítà, kí ló fa irú èyí?" ni pásítọ̀ béèrè.

Súmbọ̀ wo Bánjí. Bánjí ń wo ìgò.

"Ikọ́ ni, sà," ni Súmbọ̀ wí.

Wọ́n gbàdúrà lórí ikọ́. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ Bánjí kò sí lára ohun tí wọ́n pèpàdé lé lórí, nítorí náà wọn kò dé orí rẹ̀. Mọ́mì Alápẹ̀rẹ̀ mu omi, ó wo ọrùn ọwọ́ Súmbọ̀ níbi tó ti dúdú, ó sì dìde lọ.

Ohun tó wá lé Súmbọ̀ jáde kì í ṣe ìnà. Tíṣà ló pè é lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ kan, pé kó wá sílé ìwé. Vivian ni tíṣà náà ń jẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sálúbàtà tí Súmbọ̀ fi ń wọ balùwẹ̀ ló wọ̀ lọ, nítorí òun ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un ní àga kékeré àwọn ọmọdé kan kó jókòó.

"Jessica ti ọmọ kan lulẹ̀, mà," ni Miss Vivian wí. "Iwájú orí ọmọ náà wú. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ọmọdé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Jessica ní ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni. Ilé ìwé wa ò ní àtẹ̀gùn, mà."

Súmbọ̀ fa sálúbàtà rẹ̀ sábẹ́ àga kékeré náà.

"Mo bi ọmọ kejì. Ó ní Jessica bá òun nu ojú. Ó ní Jessica bẹ òun dáadáa, ó wá kọ́ òun ní ohun tí òun máa sọ fáwọn ènìyàn."

Lóru àná ni Súmbọ̀ ti mu oògùn kẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì là ju bó ṣe máa ń là lọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mo fẹ́ mú un dání." Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde sí títì, ó nawọ́ sí ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà ní ibo ni. Ẹnu Súmbọ̀ yà láti sọ pé Ìkòsì níbí.

"Mile 12," ló wí.

Ajarat wà lórí àpò àlùbọ́sà nígbà tí wọ́n dé, òun àti awakọ̀ tírélà kan tó kó ẹrù dé láti Òkè Ọya ń jiyàn. Ó rí sálúbàtà balùwẹ̀. Ó rí ọmọ nínú aṣọ ilé ìwé ní ọ̀sán gangan. Ó rí ojú Súmbọ̀. Ó ní kí awakọ̀ náà ṣe sùúrù.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá, àǹtí mi."

"Ẹ jókòó sórí àpò yẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún o. Ti ọwọ́ òsì ti ń rà."

Ó ra búrẹ́dì àti àkàrà fún wọn, ó sì padà sídìí àríyànjiyàn rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé yàrá rẹ̀ ní Kétu, tí Jessica ti sùn lọ lórí ẹní, ló tó béèrè.

"Bánjí?"

"Bánjí ni."

"Ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́, àǹtí mi."

Ajarat mí kanlẹ̀. "Èmi sì gbà pé òórùn àlùbọ́sà ni," ló wí.

Ohun tí Súmbọ̀ kò sọ fún un ni ti ìgò tó wà nínú báàgì rẹ̀. Nígbà tí ìgò náà gbẹ, ara Súmbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń làágùn, ó ń yán, inú ń run ún, egungun ń ro ó bí ẹni tí wọ́n fi lọ ata. Ajarat ní ibà ni. Ó se ewé dóńgóyárò fún un, ó sì dúró tì í títí tó fi mu ún tán. Ó korò, kò sì ràn án. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ajarat wà lọ́jà, Súmbọ̀ gbé rédíò Ajarat jáde, ó tà á fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì gba ọ̀dọ̀ Elkanah lọ. Elkanah béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Ajarat dé, ó wo orí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Rédíò mi dà?"

"Ó bàjẹ́, àǹtí mi. Mo gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe."

"Ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń jáde láàárọ̀."

"Lẹ́yìn tí ẹ jáde ni."

Ajarat kò jiyàn. Ó gbé omi kaná kó fi tẹ ẹ̀bà. Nígbà tó ki ọwọ́ bọ inú ike gààrí, ọwọ́ rẹ̀ kan ìgò. Ó fà á jáde, ó nù ún, ó gbé e kalẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó sì jókòó tì í. Jessica ń ṣeré lọ́dẹ̀dẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Oògùn ikọ́ ni."

"Ta ló ń wúkọ́?"

Súmbọ̀ wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mo ní ta ló ń wúkọ́ nínú ilé yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, àǹtí mi."

Òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá sọ ìyókù. Ajarat gbọ́ ọ tán, omi sì gbẹ lórí sítóòfù.

"Bánjí lù ọ́, o sá fún un, o ṣe dáadáa," ni Ajarat wí. "Èyí náà ń lù ọ́. Ìwọ wá ń bá a wá ibi rírọ̀ tó máa sùn sí nínú gààrí mi."

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ọgbà ilé náà tó ń jẹ́ Rasheedat. Òun ló sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀ wà ní Yábàá, pé kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ní Èkó, bí ènìyàn méjì bá ń jà, èyí tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ á ní kí èkejì lọ sí Yábàá. Ajarat ti sọ ọ́ sí ènìyàn púpọ̀ lọ́jà. Ó palẹ̀ ẹrù Súmbọ̀ mọ́, ó sin ín lọ, ó sì padà wá sọ fún àwọn ará ilé pé Súmbọ̀ lọ ṣe kọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn.

"Kọ́ọ̀sì kí ni?" ni wọ́n béèrè.

"Wọn ò tíì sọ fún wọn," ni Ajarat dáhùn.

Ní Yábàá, dókítà obìnrin kan tó kéré sí Súmbọ̀ lọ́jọ́ orí béèrè ohun tó ṣe ìpéǹpéjú rẹ̀ tí àpá fi wà níbẹ̀. Súmbọ̀ ya ẹnu láti pe àtẹ̀gùn. Ó pa á dé. Ó tún un yà.

"Ọkọ mi ni," ló wí.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ kò lanu, àjà kò já. Dókítà ní ṣé ó ń rí oorun sùn, ṣé ó sì ń jẹun. Súmbọ̀ ní oúnjẹ wọn kò ní iyọ̀ tó. Dókítà ní gbogbo ènìyàn ló ń wí bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Bánjí wá mú Jessica. Bí ó ṣe gbọ́, a kò mọ̀, Èkó ni. Òun àti ìyá rẹ̀ ló wá sí Kétu nínú ọkọ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Ajarat pé ọmọ kò lè máa gbé inú ọjà nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láàárín wèrè. Ajarat di ìlẹ̀kùn mú títí tí àwọn ará ilé fi bá a dá sí i, tí wọ́n ní bàbá ló lọmọ. Jessica wọ inú ọkọ̀. Kò sunkún. Ó ti mọ̀ pé ẹkún kì í ran irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn kò dé Ìkòsì. Mọ́mì Alápẹ̀rẹ̀ ní kí Bánjí yà sọ́dọ̀ òun kí ọmọ fi nǹkan sẹ́nu. Ọmọ jẹun tán. Ìyá náà sọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ sínú omi, ó sì jókòó.

"Máa lọ sílé," ló sọ fún Bánjí. "Aṣọ rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Aṣọ náà kò gbẹ mọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Jessica wà.

Nígbà tí kọ́ọ̀sì Ìbàdàn parí, Súmbọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Ajarat. Ó fẹ́ kọrí sí Alápẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ajarat ní kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná, kí ara rẹ̀ balẹ̀, kí àwọn ènìyàn rí i. Ó fi í sídìí àlùbọ́sà ṣíṣà. Wọ́n á da àpò kan sílẹ̀, Súmbọ̀ á máa tẹ ọrùn àlùbọ́sà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá rọ̀, á bọ́ síbìkan. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Èékánná rẹ̀ dúdú. Àǹfààní kan ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ sunkún nídìí àlùbọ́sà kò ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù àkọ́kọ́, Súmbọ̀ lo àǹfààní yẹn dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Sísítà Catherine tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Ìkòsì wá rajà. Ó rí Súmbọ̀, ó yíjú, ó lọ ná àlùbọ́sà lọ́dọ̀ ẹni kejì. Ẹni kejì kò gbà. Ó padà wá.

"Ha! Sísítà Súmbọ̀! À ń fi yín sádùúrà o."

"Ẹ ṣé, mà. Péńtì kan ni àbí méjì?" Ike péńtì ni wọ́n fi ń wọn àlùbọ́sà fún ẹni tí kò lè ra àpò.

"Méjì. Bùrọ́dà Bánjí náà ń gbìyànjú o. Wọ́n ti fi wọ́n ṣe olórí gbogbo àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Ó yẹ wọ́n," ni Súmbọ̀ wí. "Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe gan-an." Ó wọn péńtì méjì, ó sì fi èènì sí i.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Alápẹ̀rẹ̀. Mọ́mì Alápẹ̀rẹ̀ ṣí géètì kékeré, ó sì dúró sí àárín rẹ̀.

"Na ọwọ́ rẹ," ló wí.

Súmbọ̀ na ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ yẹ èékánná rẹ̀ wò. Ìyá náà wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Wọn kò gbọ̀n.

"Wọlé."

Jessica jáde láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà." Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò nìyẹn. Súmbọ̀ fún un ní bísíkíìtì, ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, mà." Wọ́n jókòó sórí àga tí wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá rẹ̀, ìyá àgbà láàárín, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Súmbọ̀ fẹ́ lọ, ó rí i pé òun kò mọ ohun tí wọ́n wò.

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Jessica bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sún mọ́ ọn. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá ń bọ̀, Súmbọ̀ ra aṣọ fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Mọ́mì Alápẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó má wá: Bánjí ti gbé kéèkì dé, ó sì ní bí òun bá fojú kan Súmbọ̀ níbẹ̀, òun á mú ọmọ lọ sí Ìkòsì lọ́jọ́ náà gan-an. Súmbọ̀ ká aṣọ náà, ó kúrò lọ́jà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà.

"Mọ́mì Jessica! Ojú yín rèé!" ni Elkanah kígbe. "Ikọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti padà dé," ni Súmbọ̀ wí.

Orí àpò àlùbọ́sà ni Ajarat bá a, tó sùn fọnfọn ní ọ̀sán gangan, tí ìgò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajarat tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó. Àwọn oníbàárà ń dé, ó ń dá wọn lóhùn lórí rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ ra àpò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ajarat ní wọ́n ti rà á. Nígbà tí Súmbọ̀ jí, ojú tì í débi pé kò lè dìde.

"Lọ́la, o máa padà lọ bá dókítà rẹ," ni Ajarat wí. "Kó tó di ìgò méjì. Dìde, mo fẹ́ ta àpò yẹn."

Ó lọ. Dókítà kò yà á sí ohun tuntun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bàjẹ́ dé. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Àìkú dé. Súmbọ̀ rò ó pé kí òun má lọ. Ó rò ó pé kí òun lọ, kí òun sì parọ́. Irọ́ pípa kọ́ ni yóò ni ín lára. Iṣẹ́ tó mọ̀ dáadáa ni. Ó dé géètì.

"Na ọwọ́ rẹ."

Ó nà án. Ó ń gbọ̀n.

"Mọ́mì, mo mu ún," ló wí. "Lọ́jọ́ ìbí Jessica ni. Mo ti padà sọ́dọ̀ dókítà. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, mo máa lọ."

Mọ́mì Alápẹ̀rẹ̀ wo ọwọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá lẹ́yìn wọn. Ìyá náà yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

"Ìrẹsì ti ń tutù," ló wí.

Wọ́n jẹun. Jessica lọ bu omi ní ilé ìdáná. Mọ́mì Alápẹ̀rẹ̀ ń yọ egungun kúrò lára ẹja, kò gbójú sókè.

"Gbogbo Alápẹ̀rẹ̀ ló ń pe bàbá Bánjí ní ẹni jẹ́jẹ́," ló wí. "Títí tó fi kú. Wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀."

Súmbọ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ní tèmi, balùwẹ̀ ni mo máa ń ṣubú sí." Ó gbé egungun náà sí etí àwo. "Bánjí á wà ní yàrá kejì. Mo máa ń rò pé ó ti sùn."

Ó fi ẹja náà sínú àwo Súmbọ̀. Jessica gbé omi dé, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa omi.

Ọdún 2006 ni ilé oúnjẹ ńlá kan ṣí ní Kétu, èyí tó ní fáànù lókè àti ṣíbí onírin. Súmbọ̀ wọ aṣọ ọ́fíìsì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ bá máníjà wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard.

"Kọ́ńpìnnì wo lẹ ti wá, mà?" ni Richard béèrè.

"Àlùbọ́sà ni mo ti wá," ni Súmbọ̀ wí. Ó yọ mẹ́ta jáde nínú báàgì rẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Richard tẹ̀ wọ́n wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí òun ń tẹ̀. Ó ní kó máa kó wọn wá. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé oúnjẹ mìíràn ní Alápẹ̀rẹ̀, àti ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé. Ajarat ní ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù fún òun láti tà ti ń kéré jù, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ọjà pẹ̀lú ìgbéraga.

Súmbọ̀ gba yàrá kan ní Alápẹ̀rẹ̀, kò jìnnà sí ilé ìyá ọkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ayálégbé tó kù ló jọ ń lo ilé ìdáná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi gígùn, Mọ́mì Alápẹ̀rẹ̀ gbé Jessica àti àpótí rẹ̀ wá nínú kẹ̀kẹ́. Ó wo yàrá náà, ó ní fèrèsé rẹ̀ kéré. Ó ní ọmọ á máa wá kí òun lọ́jọ́ Àìkú. Bó ṣe dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ nìyẹn, kò sì ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àga kékeré kan ló wá gbé sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀, nítorí ó mọ ẹni tó bí.

Bánjí dé nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ń fọ aṣọ lágbàlá.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

"Sí ibo?"

"Mo fẹ́ mú ọmọ mi."

"Jókòó ná, Bánjí. Jẹ́ kí n sọ fún ọ bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe, bóyá o ti gbàgbé. Mo máa sọ ọ́ sókè díẹ̀. Etí mi ò gbọ́ dáadáa mọ́, mi ò mọ bí ohùn mi ṣe ń ga tó."

Àwọn afọṣọ ti dáwọ́ dúró. Bánjí wò wọ́n. Ó fi ẹ̀rín kí wọn, bó ṣe máa ń kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò jókòó. Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò sì padà wá bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, á fi owó ilé ìwé ránṣẹ́. Nígbà mìíràn, kò ní fi ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó mú un, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè. Wọ́n fi í jẹ díákónì lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Jessica jẹ́ ọmọ tó rọrùn láti bá gbé, ìyẹn ló sì ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún un ló ń jẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń fi "mà" parí. Nígbà tí àwo kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fọ́, ibi tí yóò sá sí ló kọ́kọ́ wò kó tó wo àwo. Súmbọ̀ gbá àwo náà, ó ní àwo burúkú ni tẹ́lẹ̀. Ó sọ fún dókítà. Dókítà ní kó ní sùúrù.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ni, ní àárín táàmù. Ilé ìwé ní ṣùkú ni kí àwọn ọmọbìnrin dì lọ́sẹ̀ náà, òjò kò sì jẹ́ kí onídìrí wá lánàá. Súmbọ̀ mú kóòmù, ó pe Jessica kó wá jókòó.

"Mi ò dì í," ni Jessica wí.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní mi ò dì í. Ẹ máa ń fà á jù. Ẹ ò mọ irun dì."

Súmbọ̀ nawọ́ sókè láti júwe aago ara ògiri fún un, kóòmù sì wà lọ́wọ́ náà. Ó rántí kóòmù náà nígbà tó ti gòkè tán. Jessica wo kóòmù. Kò tẹrí ba, kò sún sẹ́yìn. Ó pòṣé.

"Ta lo ń pòṣé sí?"

"Kóòmù ni."

"Kóòmù ló bí ọ?"

"Kóòmù ò fa irun mi tó bí ẹ ṣe ń fà á!"

Wọ́n bá ìjà náà débi pé ìyá tó wà ní yàrá kejì kan ògiri, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ọmọ òun ń sùn. Súmbọ̀ bẹ ìyá náà, ó sì padà sídìí ìjà rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn débi tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi mú irun dáadáa, ṣùkú náà sì wọ́. Jessica wo dígí, ó ní òun ò lọ síbì kankan báyìí. Wọ́n tú u. Wọ́n pẹ́ dé ilé ìwé gan-an lọ́jọ́ náà.